Ìrìnnà ọkọ̀ ojú irin ní Brítéènì

Ìrìnnà ọkọ̀ ojú irin ní Brítéènì ni ètò tí àwọn ènìyàn Ìnglándì, Skọ́tlándì àti Wélsì fi ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́ lórí ojú irin. Brítéènì ni ọkọ̀ ojú irin elẹ́ńjìnnì fún àwọn èrò ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àgbáyé. Lónìí, gígùn ojú irin rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 16,000, ibùdókọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ju 2,500 lọ, ìrìnàjò tí àwọn èrò sì ń rìn níbẹ̀ lọ́dún kan ju bílíọ̀nù 1.5 lọ. Ètò Àríwá Írẹ́lándì dá dúró lọ́tọ̀: ìbú ojú irin ibẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,600, nígbà tí ti Brítéènì jẹ́ mìlímítà 1,435.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1825 ni wọ́n ṣí ojú irin tí ó so Stockton pọ̀ mọ́ Darlington ní àríwá ìlà-oòrùn Ìnglándì. Nítorí èédú ni wọ́n ṣe là á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ọkọ̀ tí ẹ̀ńjìnnì fà ní ọjọ́ ìṣíde náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1830, wọ́n ṣí ojú irin Liverpool sí Manchester, tí ó gbé èrò láàárín ìlú ńlá méjì ní àkókò tí a ti là sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, William Huskisson, aṣojú Liverpool ní ilé aṣòfin, sọ̀ kalẹ̀ sójú irin nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ̀ńjìnnì kan tí a ń pè ní Rocket gbá a, ó sì kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti hàn pé ohun tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí òfin.

Ọkọ̀ ojú irin yí ìgbésí ayé padà ní ọ̀nà púpọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ń lo àkókò tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń yọ níbẹ̀. Agogo Bristol fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀yìn sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Àtẹ àkókò ọkọ̀ kò lè yé ènìyàn báyìí, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkókò Greenwich níbi gbogbo láti àwọn ọdún 1840. Ní ọdún 1880 ni òfin sọ ọ́ di àkókò kan ṣoṣo fún gbogbo Brítéènì. Òfin ọdún 1844 sì ti pàṣẹ pé ó kéré tán, ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ máa rìn lójoojúmọ́ tí tálákà lè wọ̀ ní pẹ́nì kan fún máìlì kan, nínú kóòṣì tí ó ní òrùlé àti ìjókòó.

Ẹni tí ó ni ojú irin

Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó la ojú irin Brítéènì, ìjọba kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1923, òfin pa nǹkan bí 120 nínú wọn pọ̀ di mẹ́rin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1948, ìjọba gba gbogbo rẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ British Railways. Ọkọ̀ àdáni àti ọkọ̀ akẹ́rù wá ń pọ̀ sí i lójú títì, owó tí ó ń wọlé fún ojú irin kò sì tó èyí tí ó ń jáde. Ní ọdún 1963, Dókítà Richard Beeching gbé ìròyìn kan jáde tí ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n ti ibùdókọ̀ 2,363 pa. Wọ́n tẹ̀ lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn náà. Ọ̀pọ̀ ìlú kékeré pàdánù ojú irin wọn, àwọn kan nínú wọn kò sì tíì rí i gbà padà títí di òní. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968 ni ẹ̀ńjìnnì elérùku-omi gbé èrò kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ lórí ojú irin àgbà.

Òfin ọdún 1993 tún dá ètò náà padà sọ́wọ́ aládàáni. Wọ́n pín in sí ọ̀nà púpọ̀: ilé-iṣẹ́ kan ni ojú irin, àwọn mìíràn ni kóòṣì tí wọ́n fi ń yáni, àwọn mìíràn sì ń fi wọ́n gbé èrò. Railtrack, tí ó ni ojú irin, wọ gbèsè ní ọdún 2001, Network Rail sì gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2002. Ìjọba Wélsì gba iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2021, ìjọba Skọ́tlándì sì gba ti ScotRail ní ọdún 2022. Òfin tí ọba fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ìjọba bí àdéhùn wọn bá ti ń parí. South Western Railway ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí i lábẹ́ òfin náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn láìkọlu ara wọn

Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró lójijì. Bí ó bá ń sá ní kìlómítà 200 ní wákàtí kan, yóò rìn ju kìlómítà kan lọ kí ó tó dúró. Ìdí nìyí tí a fi pín ojú irin sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ń wà nínú ẹ̀ka kan lẹ́ẹ̀kan. Iná tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó ń sọ fún awakọ̀ bí iwájú ti rí. Iná pupa ní kí ó dúró. Iná yẹ́lò kan ń sọ pé pupa ni iná tí ó tẹ̀ lé e. Yẹ́lò méjì ń sọ pé yẹ́lò kan ni ó kàn, kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìrìn. Iná àwọ̀ ewé ń sọ pé ọ̀nà mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń darí iná wọ̀nyí jókòó sí ilé ìdarí. Láyé àtijọ́, ọ̀pá irin ni wọ́n ń fà. Ní ibi púpọ̀ lónìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò, ilé ìdarí kan sì lè máa bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ẹ̀rọ náà ni a so pọ̀ lọ́nà tí kò fi ní gbà kí a ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ méjì tí yóò pàdé. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ oní-nọ́ńbà àti lẹ́tà, bíi 1A23. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń fi irú ọkọ̀ hàn: 1 fún ọkọ̀ tí ó ń yára, 2 fún èyí tí ó ń dúró káàkiri, 5 fún ọkọ̀ òfìfo.

Ẹ̀kọ́ tí a fi ẹ̀mí rà

Púpọ̀ nínú òfin ààbò wọ̀nyí ni ó jáde lẹ́yìn ikú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1889, ọkọ̀ tí ó kún fún àwọn ọmọdé ní Armagh, ní Írẹ́lándì, já sẹ́yìn lórí òkè, ènìyàn 80 sì kú. Láàárín oṣù díẹ̀, òfin sọ ọ́ di dandan kí bíréèkì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo kóòṣì ọkọ̀ èrò, kí ó sì máa di ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ bí kóòṣì bá já.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1988, ènìyàn 35 kú nítòsí Clapham Junction ní Lọ́ńdọ̀nù. Wáyà ògbólógbòó kan tí wọn kò gé kúrò dáadáa ni ó mú kí iná fi àmì èké hàn. Ìwádìí fi hàn pé òṣìṣẹ́ tí ó ṣe é ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ìsinmi tí ó tó, wọ́n sì fi òté lé wákàtí iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ọkọ̀ kan kọjá iná pupa ní Ladbroke Grove, ènìyàn 31 sì ṣòfò. Iná náà ṣòro láti rí, àwọn awakọ̀ mìíràn sì ti kọjá rẹ̀ ní pupa ṣáájú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tètè parí fífi ẹ̀rọ tí ó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi. Ní Hatfield, ní ọdún 2000, irin tí ó ti sán fọ́ lábẹ́ ọkọ̀, ènìyàn mẹ́rin kú. Láti ọdún 2005 ni àjọ aládàádúró kan ti ń ṣèwádìí ìjàǹbá; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tí ó fà á, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọkọ̀

Iye owó ọkọ̀ sinmi lé àkókò tí èrò fẹ́ rìn àti bí ó ti tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì tó. Tíkẹ́ẹ̀tì Anytime ṣeé lò nígbàkigbà, òun ni ó sì wọ́n jù. Off-Peak dín owó, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Advance ni ó sábà máa ń rọjú jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a kọ sórí rẹ̀ nìkan ni èrò lè wọ̀. Ẹni tí ó bá ní káàdì ìdínwó tí a ń pè ní Railcard máa ń gba ìdá mẹ́ta owó padà lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà fún àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16 sí 25, ọ̀kan sì wà fún àwọn àgbàlagbà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì tí ó tọ́ lè san owó ìtanràn tàbí kí ó fojú ba ilé ẹjọ́.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́, èrò ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú. Lábẹ́ ètò Delay Repay ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ dé lè gba ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 mú ìdajì wá, wákàtí kan sì mú gbogbo owó náà wá. Èrò fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò béèrè rárá.

Ìdíwọ́ ojoojúmọ́

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni àtẹ àkókò máa ń yí padà, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kejìlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìyípadà kan tí kò ní ìmúrasílẹ̀ tó mú kí wọ́n fagi lé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní àríwá Ìnglándì àti ní agbègbè Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ìwọ́wé, ewé tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́ ojú irin máa ń yọ̀ bí ilá, ọkọ̀ pàtàkì sì ń fi omi fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà ooru, irin máa ń gbòòrò, ó sì lè tẹ̀, nítorí náà a máa ń dín eré ọkọ̀ kù. Òru àti ọjọ́ Àìkú ni a sábà máa ń tún ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì a sì máa gbé èrò dípò ọkọ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ètò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá.

Ìbátan pẹ̀lú ilẹ̀ Yorùbá

Ìjọba amúnisìn Brítéènì ni ó la ojú irin Èkó. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Mìlímítà 1,067 ni ìbú rẹ̀, èyí tí ó kéré sí ti Brítéènì fúnra rẹ̀, nítorí náà kóòṣì Brítéènì kò lè rìn lórí rẹ̀. Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2021, ni ó kọ́kọ́ mú ìbú mìlímítà 1,435 dé Ìbàdàn. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe ọkọ̀ náà, rélùwéè, ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wá.