Epo Tí Wọn Kò Fòfin Dè: Àtúnṣe sí Ìtàn Ìjẹníyà Ítálì ní 1935

Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe ń fi òwò jẹ ara wọn níyà, àpẹẹrẹ kan wà tí kì í pẹ́ jáde. Wọ́n á ní gbogbo ayé dìde sí Ítálì ní 1935 nígbà tó gbógun ti Etiópíà, wọ́n dá òwò dúró pẹ̀lú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun Mussolini, olórí Ítálì, wọ Addis Ababa ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n máa ń bá a dé ni pé ìjẹníyà ọrọ̀-ajé kò lè dá ẹni tó ti pinnu láti jagun lẹ́kun.

Àṣìṣe ni. Ọdún tí wọ́n dárúkọ tọ̀nà, ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ́gun náà tọ̀nà. Èyí tí kò tọ̀nà ni pé wọ́n gbà pé wọ́n dán ìjẹníyà wò tán kó tó já sí asán. Àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn ti fẹnu kò, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, pé ohun tó máa dun Ítálì jù ni àwọn kò ní fọwọ́ kàn. Wọ́n ń fojú sọ́nà pé Ítálì yóò bá àwọn dúró lójú ogun bí Jámánì bá dìde, wọn kò sì fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìjẹníyà yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àjọṣe ológun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1935, àwọn ọmọ ogun Ítálì lábẹ́ Ọ̀gágun De Bono sọdá odò Mareb láti Eritrea, wọ́n wọ Etiópíà láìkéde ogun. Ìbínú àtijọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ní Adwa ní 1896, Menelik Kejì ti ṣẹ́gun Ítálì lọ́nà tí àwọn ará Ítálì kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n Etiópíà ti 1935 kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní alábàáṣepọ̀ lórí ìwé. Láti 1923 ni ó ti wà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, èyí tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè tòde òní. Abala 16 nínú ìwé àdéhùn Ẹgbẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá gbógun ti ọ̀kan ti gbógun ti gbogbo wọn, pé kíá ni kí wọ́n gé òwò àti owó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ náà ní Geneva dá Ítálì lẹ́bi. Orílẹ̀-èdè 50 nínú 54 fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tó yẹ kí a tẹsẹ̀ dúró sí nìyí, kí a ka àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fòfin dè. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún Ítálì, kí wọ́n má yá a lówó, kí wọ́n má ra ọjà rẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n má ta rọ́bà fún un, tàbí níkẹ́lì, tàbí tánganran. Wọ́n fòfin de kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka àti ràkúnmí. Wọ́n fòfin de alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ Ítálì ń ṣe alumíníọ̀mù tó pọ̀ tó fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èédú kò sí níbẹ̀. Irin kò sí níbẹ̀. Epo rọ̀bì, tí ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ òfuurufú Ítálì kò lè rìn láìsí i, tí Ítálì fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá nínú ilẹ̀ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó rí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, Walter Riddell, aṣojú Kánádà ní Geneva, dábàá pé kí wọ́n fi epo, èédú àti irin kún un. Kò pé oṣù kan kí ìjọba tirẹ̀ ní Ottawa tó jáde láti sọ pé èrò ara rẹ̀ ni ó sọ, pé kì í ṣe ti Kánádà.

Ọ̀nà omi Suez tún wà ńbẹ̀. Gbogbo ọmọ ogun, ìbọn àti oúnjẹ tí Ítálì ń kó lọ sí Eritrea àti Somalia, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ìjọba Ìlú Ọba ni ó ní ìpín ìdókòwò tó tóbi jù nínú ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀nà náà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íjíbítì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Alexandria. Bí ó ti wù kí Mussolini pariwo tó, bí ọ̀nà yẹn bá tì, ogun rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n wọn kò tì í. Ọkọ̀ Ítálì ń san owó ìkọjá, ó ń kọjá. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àdéhùn Constantinople ti 1888 kò fàyè gbà á kí wọ́n tì í mọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà ogun tàbí nígbà àlàáfíà. Òótọ́ ni pé àdéhùn náà sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ náà sì ni pé Abala 20 ìwé àdéhùn Ẹgbẹ́ sọ pé àdéhùn tó bá ta ko ti Ẹgbẹ́ ti di asán láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àti pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Ìlú Ọba kò jẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀tá gba ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Ẹgbẹ́ náà kùnà nítorí pé kò ní ọmọ ogun tirẹ̀ kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó lágbára jù, Ìlú Ọba àti Faransé. Wọn kò fẹ́ yí i ni.

Kí ló dé tí wọn kò fẹ́? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ní oṣù kìíní 1935, Pierre Laval, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Faransé, lọ bá Mussolini ní Róòmù, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Faransé fẹ́ kí Ítálì wà lẹ́yìn òun. Ohun tí Mussolini gbọ́ nínú ìjókòó yẹn ni pé Faransé kò ní dí òun lọ́wọ́ ní Etiópíà. Ní oṣù kẹta, Hitler kéde pé òun yóò máa fi dandan kó àwọn ọ̀dọ́ Jámánì wọ iṣẹ́ ológun, ohun tí àdéhùn Versailles kà léèwọ̀. Ìbẹ̀rù bo Paris. Ní oṣù kẹrin, Ìlú Ọba, Faransé àti Ítálì pàdé ní Stresa, wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn yóò jọ dojú kọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ da àlàáfíà rú. Mussolini ní kí wọ́n fi kún un pé àlàáfíà ti Yúróòpù ni àwọn ń sọ. Lásìkò yẹn, ọmọ ogun rẹ̀ ti ń kọjá lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní gbangba. Àwọn méjì yòókù rí àfikún yẹn, wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n fọwọ́ sí i, wọn kò sì mẹ́nu kan Etiópíà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pa Etiópíà tì. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, Ìlú Ọba àti Faransé dá títa ohun ìjà fún àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ṣègbè. Ìdúróṣinṣin ni ó jọ lójú ẹni tí kò wò ó dáadáa. Ítálì ń rọ ìbọn, ó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀. Etiópíà kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Oṣù gan-an tó yẹ kí Etiópíà fi ra ìbọn ni wọ́n ti ọjà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i ní oṣù kẹwàá, ogun ti wọlé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ti ẹnu Laval fúnra rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 1935, níwájú ilé aṣòfin Faransé, ó ṣàlàyé ohun tí òun àti Samuel Hoare, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ìlú Ọba, ti sọ ní Geneva ní oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ṣáájú ogun. Ó ní kíá ni àwọn méjèèjì ti gbà pé kò ní sí ìjẹníyà ológun, kò ní sí dídí ọ̀nà òkun, àwọn kò sì ní ronú kan títi Suez láéláé. Ní àkókò yẹn kan náà, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, Hoare dìde níwájú àpéjọ Ẹgbẹ́ náà, ó sọ ọ̀rọ̀ tó mú kí gbogbo ayé gbà pé Ìlú Ọba yóò dúró gbọn-in lẹ́yìn òfin. Àwọn ará Ìlú Ọba gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Nínú ìdìbò àlàáfíà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún náà, ó lé ní mílíọ̀nù 10 ènìyàn tó fara mọ́ ìjẹníyà ọrọ̀-ajé. Ìdìbò gbogbogbòò wáyé ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ Baldwin, olórí ìjọba Ìlú Ọba, borí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjẹníyà bẹ̀rẹ̀. Kò tó oṣù kan sí i, Hoare àti Laval ti jókòó ní Paris, wọ́n ti ń gé ilẹ̀ Etiópíà fún Ítálì. Ìwé ìròyìn tú àṣírí náà, ìbínú gbalẹ̀, Hoare kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá.

Àwọn kan á bi mí pé, Amẹ́ríkà ńkọ́? Ìbéèrè tó yẹ ni. Amẹ́ríkà kò sí nínú Ẹgbẹ́ náà, òfin àìdásí-tọ̀túntòsì tí ó ṣe ní oṣù kẹjọ 1935 de ohun ìjà, kò de epo. Ààrẹ Roosevelt bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ epo pé kí wọ́n rọra. Epo tí wọ́n ń gbé lọ fún Ítálì pọ̀ sí i ni. Mo gbà pé ìṣòro gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí Ẹgbẹ́ náà yàn gbé e yẹ̀ wò ní oṣù kejì 1936. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá dáwọ́ epo dúró, tí Amẹ́ríkà kò sì tà ju bí ó ti ń tà tẹ́lẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀ ni yóò ti hàn lára Ítálì. Paul Schmidt tó jẹ́ ògbufọ̀ fún Hitler náà kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ní Munich ní 1938, Mussolini sọ fún Hitler pé bí wọ́n bá fi epo kún un ni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan òun ì bá ti kó ọmọ ogun òun kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan gbọ́ tó wá kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni, Mussolini sì fẹ́ràn àsọdùn, nítorí náà n kò gbé gbogbo ìwúwo lé e. Ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tó.

Ìbẹ̀rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe irọ́. Mussolini ti jẹ́ kó yé wọn pé ìjà ni òun yóò fi dá wọn lóhùn bí wọ́n bá de epo, àwọn ọ̀gá ológun Ìlú Ọba sì ń rò ó pé bí ọkọ̀ ogun àwọn bá rì ní Mẹditaréníà, kí ni àwọn yóò fi kojú Japan àti Jámánì? Ìdí pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ní ìdí tí kò fi lo ohun ìjà kan, kò sọ ohun ìjà náà di aláìlágbára.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1936, Anthony Eden tó gba ipò Hoare sọ ní Geneva pé Ìlú Ọba ti ṣe tán láti fọwọ́ sí dídè epo. Flandin, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Faransé, ní kí wọ́n dúró ná, kí àwọn tún fi àlàáfíà lọ Mussolini. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Hitler kó ọmọ ogun wọ Rhineland. Láti ọjọ́ náà, Faransé kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó lè bí Ítálì nínú, ọ̀rọ̀ epo sì wọlẹ̀ síbẹ̀. Lákòókò tí wọ́n ń dúró yìí, ọkọ̀ òfuurufú Ítálì ń da gáàsì olóró sórí àwọn ọmọ ogun Etiópíà àti àwọn ará abúlé. Epo ni ó ń gbé àwọn ọkọ̀ yẹn fò. Wọ́n ṣẹ́gun Haile Selassie, ọba Etiópíà, ní Maychew ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, Addis Ababa bọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Ọba náà lọ sí Geneva, ó bá àpéjọ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò láti fòpin sí ìjẹníyà, ní ọjọ́ 15 oṣù keje ó ti parí.

Àjọṣe tí wọ́n torí rẹ̀ ta Etiópíà náà kò dúró. Kí 1936 tó parí, Ítálì ti bá Hitler dòwò pọ̀. Ní oṣù kejìlá 1937, ó fi Ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1940, ó kéde ogun sí Ìlú Ọba àti Faransé. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá tún fi 1935 ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fòfin dè han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló yọ epo kúrò, nítorí ta ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní London ní 1935, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta ṣe agbátẹrù rẹ̀, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà Etiópíà. Ní 1941, nígbà tí Ìlú Ọba fẹ́ lé Ítálì kúrò nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Wọ́n wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, wọ́n gba Harar ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, àwọn kan nínú wọn kò sì padà wálé.