Ẹ̀rọ Tí Kì Í Ṣàlàyé: Ọ̀ràn Owó Ìtọ́jú Ọmọ ní Nẹ́dálándì

Ohun kan wà tí gbogbo ìjọba ayé fi jọ ara wọn: bí wọ́n bá ti ń fún ará ìlú lówó, wọn a máa bẹ̀rù olè. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, nítorí olè kò wọ́n ní ìlú kankan. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí a ó ṣe mọ olè yàtọ̀ sí olóòótọ́ láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Láyé àtijọ́, akọ̀wé ni ó ń ṣe é. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìjọba ti gbé e lé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí a fi òye àtọwọ́dá sí nínú lọ́wọ́. Ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí ayé mọ̀ fún ètò àti òfin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú àwọn òbí sì rí níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ó ti pẹ́ tí Iléeṣẹ́ Owó-orí ilẹ̀ náà ti ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn òbí tí ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè rí owó ilé ìtọ́jú ọmọ san. Ìjọba a kọ́kọ́ san owó, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó ṣírò bóyá ó tọ́ sí ẹni tí ó gbà á. Òbí náà ní ìwọ̀nba tí òun gbọ́dọ̀ fi kún un. Bí ó bá wá kù díẹ̀ nínú ìwọ̀nba yìí, tàbí tí ìwé kan kò pé, kì í ṣe ohun tí ó kù nìkan ni wọn yóò bi í. Títí di ọdún 2019, owó odidi ọdún ni wọ́n máa ń ní kí ó dá padà. Báyìí ni àwọn tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan ṣe dẹni tí ó jẹ ìjọba ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá yúrò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2013 ni ariwo ta. Wọ́n rí i pé àwọn ẹlẹ́tàn kan ń kó àwọn ará Bùlgáríà wá sí Nẹ́dálándì láti fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n a gba owó ìrànwọ́, wọ́n a sì padà sílé. Àwọn aṣòfin fárí gá, wọ́n ní kí ìjọba mú ọwọ́ le. Ní ọdún náà ni Iléeṣẹ́ Owó-orí bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tí ń fi iye sí ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti fi hàn bí ó ti yẹ kí a fura sí i tó.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ yẹ ní títú wò. Wọn kò kọ́ ọ ní ohun tí ó ń jẹ́ olè. Àwọn ìwé àtijọ́ ni wọ́n kó fún un, èyí tí wọ́n ti rí àṣìṣe nínú rẹ̀ àti èyí tí wọn kò rí, wọ́n sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ wá ohun tí àwọn ìwé alásìíṣe fi jọra. Lára ohun tí ó ń wò ni iye owó tí ń wọlé fún ènìyàn, àti bóyá ọmọ ìlú Nẹ́dálándì ni tàbí àlejò. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rọ náà mọ̀ kì í ṣe olè bí kò ṣe ẹni tí ó jọ àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn rí. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ń fojú burúkú wo tálákà àti àlejò tẹ́lẹ̀, ìfura yẹn ni wọ́n fi bọ́ ẹ̀rọ, òun náà ni ó sì pọ̀ jáde. Àwọn ìdílé tí ó wá láti Túrkì, Mòrókò àti Súrínámù wà lára àwọn tí ó jẹ ìyà rẹ̀ jù.

Ìwé tí iye rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń kó fún òṣìṣẹ́ láti yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ yìí rí ìwé, ṣùgbọ́n kò rí ìdí: ẹ̀rọ kò sọ fún un ohun tí ó rí tí ó fi fura. Ìyá ọmọ a béèrè pé kí ni òun ṣe. Akọ̀wé kò ní èsì, a wá ní kí ó lọ mú ìwé mìíràn wá, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí kan tilẹ̀ rí fáìlì wọn gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé ni wọ́n ti fi dúdú pa rẹ́. Yorùbá a máa pe agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ní àgbà òṣìkà. Níhìn-ín, ẹnu ẹnìkan náà gan-an kò sọ ẹjọ́ tí ó rò.

Ẹni tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọn kì í gbà kí ó san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan pàdánù ilé, ìgbéyàwó àwọn mìíràn tú ká. Láàárín ọdún 2015 sí 2020, ọmọ tí ó lé ní 1,000 láti inú àwọn ìdílé wọ̀nyí ni ìjọba gbà kúrò lọ́wọ́ òbí wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè sọ pé gbèsè fà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bú òbí tí ó bá rò bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa pe ọ̀ràn yìí ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ. Èyí kò tọ̀nà. Ní Eindhoven ní ọdún 2014, ọwọ́ ènìyàn ni ó dá owó nǹkan bí 300 òbí dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé wọ́n fura sí iléeṣẹ́ alágbàtọ́ kan ṣoṣo. Òfin gba-gbogbo-rẹ̀-padà, ènìyàn ni ó ṣe é. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń tì í lẹ́yìn títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Ohun tí ẹ̀rọ bá wọn ṣe ni pé ó fún wọn ní ibi ìsápamọ́sí. Ẹni tí ó kọ̀wé gba-owó-padà lè sọ pé òun kọ́ ni òun yan ìdílé náà. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ lè sọ pé akọ̀wé ni ó parí iṣẹ́.

Iṣẹ́ àfẹsẹ̀rìn ni wọ́n fi tú àṣírí náà. Agbẹjọ́rò Eva González Pérez ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀ràn àwọn òbí Eindhoven rù. Pieter Omtzigt àti Renske Leijten ń béèrè ọ̀rọ̀ nílé aṣòfin lọ́dọọdún, àwọn oníròyìn Trouw àti RTL Nieuws sì ń wá ìwé kiri. Nínú Iléeṣẹ́ Owó-orí fúnra rẹ̀, amòfin kan, Sandra Palmen, ti kọ̀wé ní oṣù Kẹta ọdún 2017 pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn òbí náà kò bófin mu, pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún 2020 ni ìwé náà tó bọ́ síta.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde, wọ́n sì pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìrẹ́jẹ tí a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Mark Rutte àti gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọba rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Rutte yìí kan náà tún ti wà lórí àga. Wọ́n ṣèlérí 30,000 yúrò fún òbí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rẹ́ jẹ. Àjọ tí ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ará ìlú bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.75 yúrò lé Iléeṣẹ́ Owó-orí lórí ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, èyí tí í ṣe owó ìjọba tí ó kúrò ní àpò òsì bọ́ sí àpò ọ̀tún.

Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ti ka irú ẹ̀rọ tí ń pinnu ẹni tí owó ìrànwọ́ tọ́ sí mọ́ àwọn tí ewu wọn pọ̀. Síbẹ̀ ìjọba kò dẹ̀yìn lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Edi Rama, olórí ìjọba Àlìbáníà, pe ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Diella ní mínísítà, ó ní òun ni yóò máa bójú tó kọ́ńtírààtì ìjọba kí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lè dópin.

Ní Nẹ́dálándì, àtúnṣe kò tíì parí nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin. Ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń dúró de owó wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n búra fún igbákejì mínísítà tuntun tí yóò bójú tó iṣẹ́ náà: Sandra Palmen ni.