Ẹjọ́ Ará Ìlú Lórí Ìwakùsà àti Ìyípadà Ojú-Ọjọ́

Ẹjọ́ tí à ń sọ yìí ni èyí tí àwọn ará ìlú ń pè láti ta ko àṣẹ tí ìjọba fún ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa èédú tàbí epo rọ̀bì, nítorí ooru tí èéfín ohun tí wọ́n bá wà jáde yóò fi kún ayé. Kò tíì pẹ́ tí irú rẹ̀ gbilẹ̀. Eruku, ariwo àti omi tó bàjẹ́ ni àwọn tó ń gbé nítòsí ibi ìwakùsà sábà máa ń gbé lọ síwájú adájọ́ tẹ́lẹ̀.

Ta ló ni èéfín? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù. Èéfín tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ èédú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń jáde nígbà tí ẹni tó rà á bá dáná sí i, bóyá ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwíjàre àwọn ilé-iṣẹ́ kì í sì í yàtọ̀: ọwọ́ àwọn kọ́ ló dáná sí i, bí àwọn kò bá sì wà á, ẹlòmíràn yóò wà á. Ẹni tó ń ra ẹrù olè náà a máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Gloucester, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, ilé-iṣẹ́ Gloucester Resources fẹ́ wa èédú tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 21 ní Rocky Hill. Ìjọba kọ̀ fún un, ilé-iṣẹ́ náà sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú, Groundswell Gloucester, ló bẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà dá sí ẹjọ́, àwọn ló sì gbé ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ wọlé. Will Steffen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wá jẹ́rìí nípa ìwọ̀n kábọ́nì tí ayé ṣì lè fara dà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Èrèlé, 2019, Adájọ́ Brian Preston da ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ náà nù. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé ẹlòmíràn yóò wa irú èédú bẹ́ẹ̀ níbòmíràn bí wọn kò bá wà á níbẹ̀. Àwọn tó ń ròyìn ẹjọ́ náà máa ń gbàgbé pé ojú-ọjọ́ nìkan kọ́ ló ba iṣẹ́ ìwakùsà náà jẹ́. Ariwo, eruku àti bí kòtò náà yóò ṣe ba ẹwà àfonífojì jẹ́ wà nínú ìdájọ́ náà.

Ní Queensland, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Ọsirélíà, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Youth Verdict gbé ẹjọ́ tiwọn ka òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2019. Waratah Coal, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa èédú níbẹ̀, ni wọ́n bá fà á. Adájọ́ Fleur Kingham lọ sí àwọn erékùṣù Torres Strait fúnra rẹ̀, ó lọ gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀ tí òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Bélú, 2022, ó gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwakùsà náà. Agbára rẹ̀ kò ju ìmọ̀ràn lọ, ṣùgbọ́n ní 2023 ìjọba kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ní 2021, adájọ́ kan ní Ọsirélíà kan náà sọ pé ó di dandan fún mínísítà àyíká láti má ṣe fi àṣẹ ìwakùsà ṣe àwọn ọmọdé níjàǹbá. Kò pé ọdún kan tí adájọ́ mẹ́ta fi yí ìdájọ́ rẹ̀ padà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Sarah Finch, tó ń ta ko àṣẹ wíwa epo rọ̀bì ní Horse Hill ní Surrey, pàdánù kó tó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù Òkúdu, 2024, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún gbè é: ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí àṣẹ náà kò ka èéfín tí epo náà yóò rú nígbà tí wọ́n bá sun ún. Ìdájọ́ náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wa epo. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n ka gbogbo èéfín rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ gíga tẹ̀lé ìdájọ́ yìí, ó wọ́gi lé àṣẹ ìwakùsà èédú ní Whitehaven.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ gáàsì ló ṣáájú. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin City dá àwọn ará Iwherekan ní Ìpínlẹ̀ Delta láre lórí gáàsì tí Shell ń sun, ó ní ó tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí ìwàláàyè àti iyì lójú. Iná gáàsì kò tìtorí ìyẹn kú ní Niger Delta. Òfin Ìyípadà Ojú-Ọjọ́ ti 2021 ti wá fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti dá ohunkóhun tó ń pa àyíká lára dúró, àti láti pàṣẹ owó gbà-má-bìínú fún ẹni tó fara gbá.