Ibi Pẹlẹbẹ Nínú Ábídí

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá ti tú ọ̀ọ̀lẹ̀ gbígbóná nínú ewé rí mọ ohun tí àwọn àgbà rí kí wọ́n tó pa òwe yìí. Etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, àárín rẹ̀ ki, ẹnu tó bá sì kánjú gbé àárín yóò jó. Òwe náà kò ní ká má jẹ ibi tó ki. Ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ pọ̀ sí. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà kan wà tó dé ibẹ̀, olùkọ́ ló sì yẹ kó wá ọ̀nà náà fún ọmọdé.

Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orin ábídí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kà sí ibi pẹlẹbẹ. A, bí, dí, e, ẹ, fí: àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ láràárọ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ sí i. Orin dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ kan pé lẹ́tà wo ló ṣáájú R. Ẹ óò rí i tí yóò padà sí A, tí yóò máa kọrin lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀. Ó mọ orin, kò tíì mọ ètò. Robert Cawdrey, olùkọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1604, ó sì rọ àwọn òǹkàwé rẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n o, pé kí wọ́n mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró sí: èyí tó wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó wà láàárín, èyí tó sún mọ́ òpin. Tiwa tilẹ̀ rọrùn láti pín. Lẹ́tà 25 ni ábídí Yorùbá, L ló bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, 12 ṣáájú rẹ̀, 12 tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní máa ti ojú ewé àkọ́kọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè nígbà tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T.

Lójú tèmi, orúkọ àwọn ọmọ fúnra wọn ni ibi pẹlẹbẹ. Kí méjì péré kọ́kọ́ jáde síwájú, Bọ́lá àti Fẹ́mi, kí kíláàsì sọ ẹni tí yóò ṣáájú. Lẹ́yìn náà kí Dàda jáde, kí wọ́n wá àyè fún un láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ là yé ọmọ Yorùbá. Ọmọ náà ti mọ ètò kan láti ilé wá: ẹ̀gbọ́n ń ṣáájú àbúrò, àgbà là ń kọ́kọ́ kí. Ẹ kọ orúkọ mẹ́rin sójú pátákó: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wá sáyé nìyẹn. (Mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe jáde ni mo ń sọ.) Ẹ wá ní kí àwọn ọmọ fi ábídí tò wọ́n. Àlàbá ni yóò ṣáájú, Ìdòwú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Kẹ́hìndé, Táíwò á sì kẹ́yìn. Ìlà náà dorí kodò pátápátá! N kò mọ àpẹẹrẹ mìíràn tó fi hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ pé ábídí kì í wo ọjọ́ orí, kì í wo ipò. Lẹ́tà nìkan ló ń wò. Ọmọ tí a kò bá ṣàlàyé èyí fún lè máa rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Láti ibẹ̀, ibi tó ki kò jìnnà mọ́, nítorí orúkọ wa fúnra rẹ̀ ló ń gbé wa débẹ̀. Kíláàsì wo ni Adébáyọ̀, Adéọlá àti Adéwálé kò ti lè pàdé? Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn dọ́gba, ó di ìkẹrin, B, Ọ, W, kí a tó mọ ẹni tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá ló ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, nítorí náà olùkọ́ kò lè dúró sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ pẹ́.

Ibi tó ki jù ni Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ. Ọmọ tó ti kọ́ ábídí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi gbágùúdá ṣáájú gèlè, yóò ní B ṣáájú E. Nínú Yorùbá, lẹ́tà kan ṣoṣo ni GB, ẹ̀yìn G ló sì wà. Gèlè, gúgúrú, kí gbágùúdá tó dé. Bákan náà ni ewúrẹ́ ń ṣáájú ẹja. Àmì orí lẹ́tà tún ń da ọmọ rú. Ìlànà tí mo fara mọ́ kò gùn: àmì tó wà lókè, ohùn ni, kò sọ lẹ́tà di òmíràn, àmì tó wà nísàlẹ̀ ti sọ ọ́ di lẹ́tà mìíràn, ó sì ní àyè tirẹ̀. Nítorí náà ojú kan náà ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wà. Èwo ló ṣáájú èwo nínú wọn lè dúró di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ sí i.

Àdéhùn ènìyàn ni gbogbo èyí. Láti 1843 tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ìjíròrò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa kò dáwọ́ dúró, ìpàdé Èkó ti 1875 sì wà lára rẹ̀. Títí di òní, ọmọ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ń kọ KP níbi tí ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà ti ń kọ P, ó ń kọ SH níbi tí ìyẹn ti ń kọ Ṣ. Ètò ọ̀rọ̀ wọn kò lè rí bákan náà.

Tí àwọn ọmọ bá dé kíláàsì kẹrin, kí wọ́n ṣe ìwé ọ̀rọ̀ tiwọn, ojú ewé 25, lẹ́tà kan fún ojú ewé kan, kí ọ̀rọ̀ tuntun máa wọbẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú ewé U yóò ṣófo, nítorí ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi U bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ má fipá wá nǹkan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Èkìtì kan bá mú ulé wá láti ẹnu ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀.