Iṣẹ́ Àánú Nínú Ìjọ Àgùdà: Láti Bahia dé Alímòṣọ́

Nínú ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn ará Èkó àtijọ́ ń pè ní ìjọ Àgùdà nítorí pé àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ọn, àánú kì í ṣe kí ènìyàn kàn káàánú ọmọnìkejì rẹ̀ nínú ọkàn. Iṣẹ́ ni, a sì ti ka iye rẹ̀: méje tí ó kan ara àti méje tí ó kan ẹ̀mí. Bíbọ́ ẹni tí ebi ń pa, fífún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní omi, fífi aṣọ bo oníhòòhò, gbígba àlejò sílé, bíbẹ aláìsàn wò àti bíbẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, orí 25 Ìhìnrere Mátíù ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wá. Ṣùgbọ́n èkeje, tí í ṣe òkú sísin, inú Ìwé Tóbítì ni a ti mú un, ìwé tí kò sí nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ń kà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkẹyìn ni wọ́n ka òkú sísin sí, kò sí èyí tí ó kó ipa tó o nínú ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àánú láàárín àwọn Kátólíìkì Èkó, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ó wà ní àwọn ìjọ Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó ní Alímòṣọ́ ti ṣẹ̀ wá ní láti kọ́kọ́ sọdá òkun.

Ní ìlú Salvador, tí í ṣe olú-ìlú Bahia ní Brazil, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá kan wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí wọ́n ń pè ní Santa Casa da Misericórdia, tí ó ní ilé ìwòsàn, tí ó sì ń gbé òkú lọ sí ibojì. Àwọn ẹrú tí kò ní ẹni tí yóò sin wọ́n, ẹgbẹ́ yìí ni ó ń kó wọn lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú tí ó wà ní Campo da Pólvora, níbi tí wọ́n ti ń sin wọ́n láìsí ẹ̀yẹ kankan. Lójú Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ó dàgbà sí àárín àwọn tí ìsìnkú jẹ́ gbèsè tí ọmọ jẹ bàbá àti ìyá rẹ̀, irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kí a ju ènìyàn sígbó. Ìdí nìyí tí àwọn adúláwọ̀, àti ẹrú àti ẹni tí ó ti gba òmìnira, fi ń wọ irmandade, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ tí ó ń dá owó jọ lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan, kí wọ́n lè tọ́jú aláìsàn láàárín ara wọn, kí ẹni tí ó bá sì kú lè ní aṣọ òkú, Mísà àti èrò tí yóò sìn ín dé ibojì. Ní ọdún 1832, àwọn Áfíríkà olómìnira kan, tí Manoel Victor Serra ṣíwájú wọn, dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Salvador, èyí tí a wá mọ̀ sí Sociedade Protetora dos Desvalidos, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo aláìní. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni ó wà fún àpótí owó wọn, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹnì kan má baà dá ṣí i. Ẹni tí ó bá ti dá èsúsú rí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìtẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn Áfíríkà lára, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti gba òmìnira sì wọkọ̀ padà sí etí òkun wa. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó tẹ̀dó sí àdúgbò tí a mọ̀ sí Pópó Àgùdà, wọn kò sì ní fada kankan láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba oyè àlùfáà rí, ni ó kọ́ ilé àdúrà kékeré, tí ó ń kó wọn jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, tí ó sì ń dúró ti àwọn tí ó ń kú lọ. Ní ọdún 1863 ni Fada Francesco Borghero, ọmọ Ítálì tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn òjíṣẹ́ Áfíríkà tí Bíṣọ́ọ̀bù Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1856, ti ìlú Ouidah wá bẹ Èkó wò, tí ó sì bá ìjọ tí ó ti ń rìn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún 1868 ni àwọn fada tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Nítorí náà, kò tọ̀nà kí a máa kọ ọ́ pé àwọn òyìnbó ni wọ́n mú iṣẹ́ àánú Kátólíìkì wọ ìlú yìí, nítorí wọ́n bá a níbẹ̀ ni, lọ́wọ́ àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú.

Ohun tí àwọn fada àti àwọn sísítà fi kún un ni ilé. Ní ọdún 1876 ni wọ́n dá oko Saint Joseph sílẹ̀ ní Tòpò, lórí ilẹ̀ tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà nítòsí Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìsìnrú sí, tí wọ́n sì gbin àgbọn rẹpẹtẹ. Ó yẹ kí òpìtàn yẹ ọ̀rọ̀ Tòpò wò dáadáa. Lóòótọ́, ọmọ tí kò ní ẹnìkan rí ibùsùn, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oko ni, ọmọ náà ni ó ń ṣiṣẹ́ inú rẹ̀, àwọn tí ó gbà á là náà ni ó sì ń pinnu ẹ̀sìn tí yóò ṣe àti irú ayé tí yóò gbé. Irmandade yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ẹni tí ó ń fúnni lónìí nínú rẹ̀ lè di ẹni tí a ó fún lọ́la, gbogbo wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, tí àwọn fada dé ní ọdún 1880, ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ àánú gbà yọ. Fada Jean-Marie Coquard, ọmọ Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò ní ọdún 1895, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tí ó sì ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ pẹ̀lú, títí ó fi kú ní ọdún 1933. Gbogbo ẹni tí ó wá, ìbáà ṣe oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ni wọ́n ń tọ́jú. Ilé ìwòsàn náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní gbogbo àkókò yìí, abúlé Àwórì ni Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó ń jẹ́, láàárín oko àti igbó. Ìgbà tí Èkó kún àkúnya lẹ́yìn owó epo rọ̀bì ni àwọn èrò ya lọ síbẹ̀, nítorí pé owó ilé kò wọ́n tó ti àárín ìlú, títí tí ìkànìyàn ọdún 2006 fi ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́. Àwọn Kátólíìkì tí ó wà láàárín wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, Ìgbò, Ẹ̀gùn, Ẹ̀dó àti Yorùbá, ìdílé wọn sì wà nílé. Àjèjì ni wọ́n lójú ara wọn, bí àwọn ará Bahia ti jẹ́ nígbà náà, irú ohun tí ó ran àwọn ìyẹn lọ́wọ́ ni àwọn náà sì dìrọ̀ mọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ìjọ.

Méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ló yẹ kí a dárúkọ. Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́, tí Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1833, ń ran aláìní lọ́wọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, aṣọ àti owó. Legion ti Màríà, tí Frank Duff dá sílẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1921, kò sì gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ fún ẹni tí ó bẹ̀ wò ní ohunkóhun tí a lè fi ọwọ́ mú, kí ó má baà dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ohun ìní fa ènìyàn wá sí ìjọ. Àwọn méjèèjì ń rán ọmọ ẹgbẹ́ jáde ní méjì-méjì. Nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá kojú síra wọn, tí aláìsàn kan dùbúlẹ̀ sí yàrá ìkẹyìn, àwọn méjì lè kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n jókòó sórí pákó, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn méjì mìíràn lè gbé ìrẹsì àti garí wá. Aládùúgbò tí kò mọ òfin wọn lè ka àwọn àkọ́kọ́ sí ahun.

Ìfọkànsìn Àánú Ọlọ́run, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí rò pé òun ni gbogbo àánú Kátólíìkì, dé lẹ́yìn gbogbo èyí. Ó wá láti inú ìran tí Sísítà Faustina Kowalska, ọmọ Poland tí ó kú ní ọdún 1938, sọ pé òun rí. Róòmù fòfin de ìfọkànsìn náà láti ọdún 1959 títí di 1978, kí Póòpù John Paul Kejì tó kéde Faustina ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2000, tí ó sì ya Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé Àjíǹde sọ́tọ̀ fún Àánú Ọlọ́run. Aago mẹ́ta ọ̀sán, wákàtí tí Jésù kú, ni wákàtí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì ni wọ́n sì fi ń ka àdúrà rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, àfi bí ènìyàn bá sọ ọ́ di àgbàrá tí ó gbá iṣẹ́ méjèèje lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, nínú Ọdún Àánú tí Póòpù Francis kéde, ó dábàá pé kí a fi ìtọ́jú ayé tí a jọ ń gbé kún iṣẹ́ àánú. Ìgàndó, níbi tí ààtàn Sólúùsì wà, tí àwọn ènìyàn ti ń ṣa ohun tí wọn yóò tà láti inú ìdọ̀tí Èkó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un.

Orúkọ àwọn ẹni ńlá kì í sọnù: ìwé kò gbàgbé Coquard, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé Olubunmi Okogie, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó láti ọdún 1973 sí 2012, tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti kú dípò obìnrin Mùsùlùmí kan tí ilé ẹjọ́ Ṣàríà dá ẹjọ́ ikú fún. Ti ẹgbẹ́ ni ó máa ń ṣòfò. Akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ń kọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ sínú ìwé, ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò, iye tí wọ́n dá àti òkú tí wọ́n bá wọn sin. Bí ìwé náà bá sì kún, ikán tàbí omi òjò ni ó máa ń jogún rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ìjọ Alímòṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé wọ̀nyí pa mọ́ báyìí, kí àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ wọ́n tó kú tán.