Ìjọ Kátólíìkì ní Ireland àti Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Dé

Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún ogún, Ìjọ Kátólíìkì ni ó ń darí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Ireland, òun náà ni ó sì ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, ìyẹn àwọn ibùdó tí ilé ẹjọ́ máa ń kó ọmọ òtòṣì àti ọmọ aláìlóbìí lọ, lábẹ́ àkóso àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bíi Christian Brothers, tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní gbéyàwó. Ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọ náà, ebi, lílù bí ẹni lu bàrà àti ìfipábánilòpọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ di ariwo ìlú àfi ìgbà tí akọ̀ròyìn Mary Raftery gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1999, tí olórí ìjọba, Bertie Ahern, sì tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè.

Lóòótọ́, Christian Brothers ti bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé, ẹgbẹ́ yìí kan náà gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n má baà dárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tí ìròyìn ìgbìmọ̀ náà, ti Adájọ́ Seán Ryan, sì fi jáde ní ọdún 2009 láìdárúkọ wọn. Ní ti owó ìtánràn fún àwọn tí ìyà náà jẹ, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ náà bá ìjọba ṣe àdéhùn ní ọdún 2002 pé mílíọ̀nù 128 yúrò ni àwọn yóò dá, kí ìjọba gbé ìyókù. Ìyókù náà sì lé ní bílíọ̀nù kan.

Ìròyìn kejì, ti Adájọ́ Yvonne Murphy lórí àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dublin, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009 kan náà, ohun kan tí ó tú síta kò sì ní àwíjàre: láti ọdún 1987 ni àwọn aláṣẹ ìjọ ní Dublin ti ra ìwé adójútòfò, èyí tí yóò bá wọn gbé ìnáwó bí ẹnikẹ́ni bá pe ìjọ lẹ́jọ́ nítorí ìwà àlùfáà sí ọmọdé. Ẹni tí kò mọ̀ pé ewu ń bẹ kì í sanwó dè é.

Diarmuid Martin, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dublin nígbà náà, yàtọ̀ sí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àṣírí ni ó kó fún ìgbìmọ̀ Adájọ́ Murphy. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, òun àti Kádínà Seán O'Malley láti Boston dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú pẹpẹ, wọ́n sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn mẹ́jọ nínú àwọn tí ìyà náà jẹ.

Síbẹ̀, òfin ìjọba ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: láti oṣù Kejìlá ọdún 2017, àlùfáà tí ó bá mọ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé kò ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, dandan ni kí ó fi tó àjọ ìjọba létí.