Ìrìn àjò ìtọ̀: Iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe kí èèyàn tó tọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé omi téèyàn bá mu ló ń lọ tààrà sínú àpò ìtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi yẹn kọ́kọ́ ń lọ, inú ẹ̀jẹ̀ náà ni kíndìnrín ti ń sẹ́ ìtọ̀ jáde.

Kíndìnrín méjì ni èèyàn ní, lápá ẹ̀yìn, níbi tí egungun ìhà parí sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ti ọ̀tún máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ, torí ẹ̀dọ̀ ló wà lórí rẹ̀.

Bó ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀

Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tíntìntín ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì á tètè lóye rẹ̀: ohun tó tóbi á dúró lórí asẹ́, omi á kọjá. Àmọ́ ohun tó dúró lórí asẹ́ kíndìnrín kì í ṣe èèrí o, ẹ̀jẹ̀ gan-an ni.

Láàárín wákàtí 24, nǹkan bíi lítà 180 omi ló ń gba ojú asẹ́ yìí kọjá. Tí gbogbo ẹ̀ bá di ìtọ̀, èèyàn ò ní pẹ́ gbẹ. Nítorí náà, kíndìnrín á dá omi, ṣúgà àti iyọ̀ tí ara ṣì nílò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Lítà kan sí méjì péré, pẹ̀lú ìdọ̀tí ara, ló ń di ìtọ̀.

Kíndìnrín tún ń bá ara ṣètò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Ó di àpò ìtọ̀

Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń gbé ìtọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti kíndìnrín. Ara ọ̀nà yìí ló ń fún ìtọ̀ lọ sísàlẹ̀, kódà bí èèyàn bá dùbúlẹ̀. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà lè gba nǹkan bí ìdajì lítà, àmọ́ kó tó kún ni iṣan ti máa sọ fún ọpọlọ, tí ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n èèyàn.

Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Ti ọkùnrin gùn tó 20. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò àrùn fi tètè ń dé àpò ìtọ̀ obìnrin, tó fi yẹ kí wọ́n máa nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Ohun tí ìtọ̀ ń sọ

Ìtọ̀ tó pọ́n gan-an sábà máa ń fi hàn pé omi ò tó lára. Èyí tó ń hó ṣáá lè jẹ́ pé asẹ́ kíndìnrín ti ń jò. Èyí tí eèrà ń bò, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò lè ti kó àtọ̀sí ajá. Gbogbo rẹ̀ ló tó gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kíndìnrín kì í tètè ké. Ó lè ti bàjẹ́ jìnnà kí ẹsẹ̀ tàbí ojú tó wú. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bà á jẹ́ jù. Lílo oògùn ara ríro lójoojúmọ́, àti àgbo téèyàn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lè dá kún un. Tó bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ ló máa ń bá èèyàn fọ ẹ̀jẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú owó ńlá.

Àyẹ̀wò ìtọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ àti ti ìfúnpá ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí wọ́n ní in nínú ẹbí rẹ̀, kó má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú.